Okun Inú Ilé Onígíláàsì

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu Baba Onígíláàsì tí kì í gbẹ, bí itọ́. Okun inú ni ọ̀rọ̀ náà. Bí òrùlé bá ń jò, okun inú ni kí wọ́n fi sùn. Bí eyín bá ń ro ìyàwó rẹ̀, a ní kó fi okun inú mú un mọ́ra. Nígbà tí ìyá àgbà kan kú ní ojúlé kẹta sí tiwọn, tó ku ọdún méjì péré kó pé ọgọ́rùn-ún, ohun tó sọ fún àwọn ọmọ olóògbé ni pé ká ní màmá ṣe gírí díẹ̀ sí i ni, ìbá pé e. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà ní okun inú la fi ń gbé tìta. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Baba Onígíláàsì ti yọ oúnjẹ kúrò nínú òwe náà, ó wá fi ikùn òfìfo sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ awò ojú ló ń ṣe. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: òkúta tó fi ń lọ gíláàsì, tó ń fi ẹsẹ̀ yí, tí omi ń kán sí lórí tó, tó, tó, àpótí onídúrọ́ọ̀ tí fúrémù kún inú rẹ̀, tábìlì kékeré níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń rán àpò tí wọ́n ń kó awò sí, àti lára ògiri tó wà nísàlẹ̀ yàrá, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù, páálí funfun tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, èyí tó tóbi jù lókè, tí wọ́n ń kéré bọ̀ títí àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi dà bí èèrà tó tò. Ìlà funfun kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni oníbàárà ń dúró sí láti ka páálí náà. Ọwọ́ rẹ̀ dára, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Bí òbí kan bá mú ọmọ wá, á fi sùúrù wọn ojú ọmọ náà, á sì fi awò tó yẹ ẹ́ gùn ún nímú. Àmọ́ tí wọ́n bá ti jáde tán, á yíjú sí àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ rí ìyẹn? Ẹsẹ̀ tó ń ṣọ̀lẹ là ń fún lọ́pàá. Gíláàsì kò ní gun imú ọmọ tí mo bí."

Ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ ló ti mú ìgbàgbọ́ yìí. Ojú ń ṣe é bàìbàì nígbà náà, orí sì ń fọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa wo orí òpó iná kan lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta pé, ojú là. Bóyá ebi ló ń pa á látìbẹ̀rẹ̀, nítorí láàárín oṣù mẹ́ta yẹn náà ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí.

Àkọ́bí rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí kò rí ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó mọ́ ní iléèwé. Ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́ olè. Láti ọjọ́ kejì, tó bá ti gbá ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀, orí ìlà funfun ni. Búrẹ́dì àti tíì rẹ̀ á wà lórí tábìlì ìyá rẹ̀, á máa tutù. Tó bá ka ìlà karùn-ún, á jẹun. Tí kò bá kà á, á dúró títí àkókò iléèwé á fi tó, á sì lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, tí kò sí iléèwé, ó lè wà lórí ìdúró di ọ̀sán, tí àwọn oníbàárà á máa wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ka tiwọn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọlé. Oníbàárà tó bá ti gbé awò tuntun wọ̀ á ka páálí náà láti òkè délẹ̀, tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń ránṣọ, a sì máa sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè. Etí baba wọn ti ń wúwo." Etí Baba Onígíláàsì kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ náà fi gbọ́ ọ, H, lẹ́yìn náà D àti N, lẹ́yìn náà K F O, títí dórí àwọn èèrà ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó mí kanlẹ̀, ó kà á tán láìṣi ẹyọ kan. Baba Onígíláàsì fi òkúta rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sókè, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gbé e bẹ́ẹ̀ rí, kò sì gbé e bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ló sọ ọ́ ní Ojú Àṣá, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ojú Àṣá fi jẹ́ orúkọ náà. Ó ń fi ìrìn mọ ènìyàn, ó ń fi ikọ́ mọ̀ wọ́n. Ó mọ iye ìgbẹ́sẹ̀ tó wà láti ilé dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Tí ẹni kan bá juwọ́ sí i lókèèrè, ó máa ń juwọ́ padà, nítorí náà ó ti juwọ́ sí àwọn tó ń lé eṣinṣin ju ìgbà mélòó kan lọ. Ohun tó wà nítòsí nìkan ni ojú rẹ̀ kì í tàsé. Àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tó ń di apá awò mú, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń wá kiri tábìlì, òun á kàn fojú sún mọ́ ọn, á dè é ní kíá. Baba Onígíláàsì á sì máa fi han oníbàárà: "Ẹ wo iṣẹ́ okun inú. Ọmọ tó fẹ́ fọ́jú nìyí o."

Ìgbà kan péré ló gbé awò kan wọ̀, tí awakọ̀ kan fi sílẹ̀ tí kò padà wá gbé. Ṣọ́ọ̀bù dá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wo ògiri òdìkejì títì. Láti kékeré ló ti rò pé òdòdó pupa ni wọ́n kùn sára ògiri náà, ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ ni. "Má ṣe tọ̀ síbí" ni wọ́n kọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò náà, ó nù ún, ó dá a padà síbi tó wà.

Ọdún tí Ojú Àṣá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, Baba Onígíláàsì sọ pé òun máa gbé pátákó tuntun sí iwájú ṣọ́ọ̀bù: "Ojú Àṣá àti Baba Rẹ̀." Ọmọ ni yóò máa yẹ ojú oníbàárà wò, bàbá á gbájú mọ́ òkúta. Ọkùnrin tó ń kọ pátákó ti wá wọn ẹnu ọ̀nà. Oṣù yẹn gan-an ni Tíṣà, oníbàárà wọn àtijọ́ tó tún jẹ́ olùkọ́ ọmọ wọn kejì, wá gba awò rẹ̀, tó ní:

"Baba, Kékeré yín yìí, imú ló fi ń kọ̀wé o. Mo gbé e sí ìlà iwájú, kò rí pátákó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sórí tábìlì tèmi, kò rí i."

Kékeré ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé àti níta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Baba Onígíláàsì rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ má dààmú. Oògùn rẹ̀ ò jìnnà sílé."

Lọ́jọ́ kejì, Kékeré gorí ìlà funfun.

"Kí lo rí?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Funfun, bàbá."

"Lára funfun náà ńkọ́?"

"Nǹkan dúdú."

"Nǹkan dúdú wo?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti máa jẹ búrẹ́dì."

Ìyá wọn bo ẹnu. Baba Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. "Kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi rí i nígbà tiẹ̀?"

"Okun inú ni, bàbá."

"Ìwọ ò ní in ni?"

"Mo ní in. Kò tíì gòkè dé ojú ni."

Ó lọ sí iléèwé láìjẹun. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àti lọ́jọ́ kẹta. Baba Onígíláàsì gé ọ̀pá kan, ó ní bó ṣe gùn tó ni ìwé gbọ́dọ̀ ṣe jìnnà sí àgbọ̀n Kékeré. Tí orí ọmọ náà bá tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó ń kàwé, á fi ọ̀pá náà kàn án níwájú orí, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, Kékeré fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lápá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ṣí ni, àbí díẹ̀díẹ̀?"

Ìdáhùn náà kò gùn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti tó o. Ojú Àṣá na aṣọ kan tó ti nà tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ní nílé ayé tí bàbá rẹ̀ tìtorí rẹ̀ sunkún ayọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti ń bọ̀ wá sára pátákó. Bí ọmọ yìí náà bá kà á lọ́sẹ̀ kan, kí ló kù tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tirẹ̀?

"Okun inú ni," ó ní. "Ìwọ lo ò tíì fẹ́ ẹ dáadáa."

Kékeré mi orí. Ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró lórí ìlà pẹ̀lú ìkúùkù dídì, tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ, tó ń fẹ́ ẹ dáadáa. Ìyá wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ oníbàárà kí wọ́n ka lẹ́tà sókè. Kékeré kò fetí sí wọn. Ojú ni wọ́n ní kó lò, ojú ló ń lò.

Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Èjìká ọmọ náà ti mú ṣóṣóró. Ìyá wọn gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

"Baba wọn, ọmọ yìí lókun inú."

"Níbo lo ti rí i?"

"Ó ti lé ní oṣù kan tó ti ń sọ pé òun ò rí i. Ebi ò sì tíì mú un purọ́."

"Agídí nìyẹn."

"Kí ló ya agídí sọ́tọ̀ sí okun inú?"

Baba Onígíláàsì ronú díẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. "Okun inú a máa ṣe ohun tí mo ní kó ṣe," ó ní.

"Ó yé mi," ni ìyá wọn wí. Ó fi eyín gé òwú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Kékeré tàsé àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, tó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú garawa omi. Ojú Àṣá ló gbé e dìde. Ó rí i pé ọmọ náà fúyẹ́ ju garawa náà lọ. Ó fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Gbọ́," ó ní. "H. Èyí tó tẹ̀ lé e, D, N. Lẹ́yìn náà K, F, O. Máa wí i tẹ̀ lé mi."

Kékeré wí i tẹ̀ lé e. Orí rẹ̀ pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ó ti mọ̀ ọ́n dé ìlà kẹfà. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ ò rí i," ó ní.

"Kà á lọ́la, kó o jẹun."

"Ẹ ò rí i rí. Ẹ há a sórí ni."

"Kékeré, ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Nígbà tí mo bi yín, ẹ ní mi ò tíì fẹ́ ẹ dáadáa." Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń to nǹkan sílẹ̀ kó lè rí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá kà á, wọn ò ní ṣe awò fún mi láé. Mi ò ní rí pátákó títí mo fi máa kúrò níléèwé. Ẹ̀yin náà ò ní ní awò láé. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ fún bàbá. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, agídí ni. Tó bá jẹ́ àwa méjèèjì, wọ́n á gbọ́."

Ojú Àṣá wo ọmọ náà. Nítòsí bẹ́ẹ̀ ó rí i kedere, àní irun ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Jẹ́ kí n rò ó," ó ní. Ó sì rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò rí ibì kankan nínú èrò náà tí wọ́n ti ń pe òun ní Ojú Àṣá mọ́.

Sátidé ni ọjọ́ kejì. Tíṣà wá tún apá awò rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin tó ń kọ pátákó náà wà níbẹ̀, ó ń béèrè irú ọ̀dà tí wọ́n fẹ́. Ojú Àṣá ń nu dúrọ́ọ̀ nísàlẹ̀ yàrá. Kékeré gorí ìlà.

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí i, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò rí i. Wọ́n há a sórí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré. Ẹ bi wọ́n."

Òkúta dúró. Omi nìkan ló ń kán.

Tíṣà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́, ó fi ṣe àwàdà. "Ẹjọ́ kékeré lèyí, Baba. Páálí tuntun tí àwọn tó ń ta gíláàsì fún yín fi ránṣẹ́, tí lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí, ṣì wà ní kíká lórí àpótí lọ́hùn-ún. Ẹ tú u, kí Ojú Àṣá kà á, kí a máa lọ."

Baba Onígíláàsì dìde. Ó na ọwọ́ gbé páálí tuntun náà. Rọ́bà ló dì í. Ó ti ìka bọ abẹ́ rọ́bà náà, ó wá yíjú sí àkọ́bí rẹ̀. Láti ibi tí Ojú Àṣá wà, ojú bàbá rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Kò lè mọ̀ bóyá ó ń halẹ̀ mọ́ òun ni tàbí ó ń bẹ òun.

"Ṣé òótọ́ ni?"

Kékeré ti yíjú síhà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń dúró de ohùn kejì.

"Irọ́ ló ń pa mọ́ mi," Ojú Àṣá wí. "Ìlara ni. Nítorí pátákó ẹnu ọ̀nà yẹn ni."

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lóòótọ́, ó bá a lọ́jọ́ náà. Wọn ò kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Baba Onígíláàsì yọ ìka kúrò lábẹ́ rọ́bà. Ó gbé páálí náà padà sórí àpótí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ó tiẹ̀ tún tì í sẹ́yìn kó má bàa já bọ́. Bó ṣe gbé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló jẹ́ kí Ojú Àṣá mọ̀ pé bàbá òun náà mọ̀.

"Mo mọ ọmọ mi," ó ní. "Kékeré, kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ. O ò ní lọ sí iléèwé mọ́ títí wàá fi ka páálí yìí. Ẹni tó ní ẹnu láti ba èèyàn jẹ́, á ní ojú láti fi ríran."

"Baba, ìdánwò wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Tíṣà wí.

"Kó ṣe kíá nìyẹn."

Tíṣà gba awò rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ. Ọkùnrin tó ń kọ pátákó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ọ̀dà dúdú ni tàbí aláwọ̀ ewé. Kékeré kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Ojú Àṣá ní kó dìde, kò tó nǹkan.

Wọ́n gbé pátákó náà kọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kékeré ṣì ń dúró lórí ìlà lárààárọ̀. "Mi ò rí i, bàbá," ló ń wí, ohùn rẹ̀ sì ń kéré sí i lójoojúmọ́, bí àwọn lẹ́tà náà. Ìdánwò dé, ìdánwò lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kọjá pẹ̀lú ìwé èsì lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo orúkọ kíláàsì tuntun tí wọ́n ń lọ. Kò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wọn àyàfi nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹta ìyẹn, kò dúró kí wọ́n pè é. Ó gbálẹ̀ tán, ó gorí ìlà, ó pa ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Oníbàárà méjì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ojú Àṣá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí nísàlẹ̀ yàrá, níbi tí ẹni tó ń yẹ ojú wò ń dúró sí.

"H," Kékeré wí. "D, N. K, F, O."

Ó kà á lọ sílẹ̀, kò yára, kò ṣiyèméjì. Bí Ojú Àṣá ṣe máa ń kà á gan-an ló kà á, àní ibi tí èyí máa ń mí lẹ́yìn ìlà kẹrin, òun náà mí níbẹ̀. Ìyá wọn kò gbé orí sókè. Nígbà tó parí, àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Baba Onígíláàsì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa òkúta sì yí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo okun inú," ó ní. "Kékeré kọ́ ni yìí mọ́. Ojú Idì ni. Ìyá wọn, fún un ní búrẹ́dì, fi bọ́tà sí i dáadáa. Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá."

"Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọmọ náà yíjú sísàlẹ̀ yàrá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí fún ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá wọn tó so rọ̀ lára ìṣó nítòsí ibi tí Ojú Àṣá wà.

Kò tíì sẹ́ni tó fura. Ojú Àṣá rọra sún sí apá òsì, ìgbẹ́sẹ̀ kan, ìkejì, títí ó fi dúró síwájú ẹ̀wù náà.